Alùpùpù Tí Kò Ní Ẹbí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí ní Kambolé, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ títí di ìgbà tí mo ra alùpùpù kan ní Sokodé. Ìtàn alùpùpù náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojúgbà mi ń gbèrò láti ra irú rẹ̀, àti nítorí pé gbèsè kan wà lọ́rùn mi nínú ọ̀ràn náà tí n kò tíì san tán.

Olùkọ́ ni mí. Ẹ̀kọ́ fisíìkì àti ṣimíì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Tchamba. Láàárín ọ̀sẹ̀, Tchamba ni mò ń gbé. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé, mo máa ń lọ sí Kambolé lọ kí Bàbá mi. Bí ìwé ìjọba tàbí ọ̀ràn owó oṣù bá sì pè mí, ọ̀nà Sokodé ni mo máa ń gbà, èyí tó lé ní ọgbọ̀n kìlómítà sí wa. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé ẹni tí kò ní alùpùpù níbẹ̀ dà bí ẹni tí a so lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ akérò kì í gbéra àfi bí ó bá kún, ó sì lè di ọ̀sán kí ó tó kún. Oko jìn, ọjà jìn, ilé ìwòsàn ńlá jìn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ alùpùpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni.

Alùpùpù àkọ́kọ́ tí ojú mi mọ̀ ni Yamaha Mate 50 ti Bàbá mi. Nọ́ńbà 50 yẹn ni ìwọ̀n ààyè tó wà nínú sìlíńdà, níbi tí písítìnì ti ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ààyè náà bá ṣe tóbi tó ni afẹ́fẹ́ àti èsáǹsì tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, agbára ẹ́ńjìnnì náà sì ń tẹ̀ lé e. Àádọ́ta kò tó nǹkan. Ife tíì kékeré kan gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré yìí ló gbé iṣu àti àgbàdo Bàbá láti oko wálé, òun náà ló sì gbé mi lọ sí Tchamba lọ́dún tí mo ṣe ìdánwò BEPC. Irú èyí tí èdè Faransé ń pè ní deux temps ni. Písítìnì rẹ̀ kò ní ju kí ó gòkè lẹ́ẹ̀kan kí ó sì sọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí iná yóò fi tún ṣẹ́ nínú rẹ̀, ó sì ń jó òróró pọ̀ mọ́ èsáǹsì. Èéfín funfun máa ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn bí ìrù. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn òróró tó ń jó, Bàbá mi ni mo máa ń rántí, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó fi okùn dè mọ́ àgbọ̀n kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Kò sí mẹkaníìkì kan ní ìlú wa nígbà náà tí kò lè tú Mate 50 palẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì tò ó padà kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọgbọ́n àwọn mẹkaníìkì náà ló fà á. Òótọ́ ni pé wọ́n gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí n kò rí.

Ṣáájú ìgbà tí mo gbọ́n, alùpùpù kò tíì di iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní Tógò ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, tí ó sì wọ ọdún 1993, owó oṣù dúró, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá gbé alùpùpù wọn sójú pópó láti fi gbé èrò. Iṣẹ́ tí àwọn ará Benin ti ń ṣe ṣáájú wa, tí wọ́n fi èdè Fọ̀n pè ní zémidjan, gbilẹ̀ ní Lomé, ó sì gòkè wá bá wa. Lẹ́yìn náà ni àwọn alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà dé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú, àwọn ti ilẹ̀ Íńdíà sì tẹ̀ lé wọn. Haojue, Apsonic, Bajaj àti TVS di orúkọ tí ọmọdé tí kò mọ̀wé pàápàá lè pè.

Bí a bá ṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Ṣáínà náà wò, baba-ńlá kan náà ni a ó bá níbẹ̀. CG125 ni, èyí tí ilé iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1976. Àwọn oníṣẹ́ Honda ti rí i pé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, ènìyàn a máa di ẹrù rẹpẹtẹ lé alùpùpù, a sì máa pẹ́ kí ó tó pààrọ̀ òróró. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn àtẹ̀yìnwá, ṣéènì kékeré kan ló ń yí ọ̀pá tó ń ṣí súpáàpù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Bí ṣéènì náà bá rọ̀, tí a kò sì tètè fún un, wàhálà dé. Wọ́n yọ ṣéènì náà kúrò lára CG, wọ́n sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti súpáàpù láti ìsàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè bínú. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà fi ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sọ ọ́ di 150, wọ́n sọ ọ́ di 200, wọ́n tún fi sára ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó ẹrù. Gbogbo ìmọ̀ yìí ni mo ní lórí. Mo tilẹ̀ máa ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Ó ṣeni láàánú pé ìmọ̀ orí kì í fìgbà gbogbo dé ọwọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, owó àjọ àwa olùkọ́ yí kàn mí. Ó jẹ́ 800.000 fáráǹkì. Bàbá mi ti ta kaṣú oko rẹ̀ lọ́dún náà, ó sì fi 400.000 kún un. Ó pè mí jókòó lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ó ní: «Ọmọ mi, owó yìí tó alùpùpù méjì. Ra ọ̀kan fún ara rẹ, kí o máa fi lọ síbi iṣẹ́. Ra èkejì fún àbúrò rẹ, kí ó máa fi ṣe zémidjan, kí ó lè rí ohun tí yóò fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Kí ó jẹ́ irú èyí tí gbogbo ayé ń gùn.» Mo ní: «Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣé.» Àbúrò mi wà níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún èmi náà. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni n kò lè gbàgbé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbéra lọ sí Sokodé pẹ̀lú owó náà nínú àpò inú aṣọ mi. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, mo bá àwọn 110 àti 125 tí a to lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ti rò. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé mẹ́ta kan sí ọ̀tọ̀ tí irú wọn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àga wọn rẹlẹ̀, ọwọ́ wọn gùn wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn wọ́n, àgbá èsáǹsì wọn rí róbótó bí ẹyin, irin ara wọn ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn wọn nípọn, ẹsẹ̀ ènìyàn sì ń nà sí iwájú bí ẹni tó jókòó sórí àga ìnàyìn. Irú yìí ni àwọn Faransé ń pè ní custom, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cruiser. Alùpùpù ìgbafẹ́ fún ọ̀nà jíjìn ni.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọkàn mi ti wà lára irú rẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní 1903, gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní Electra Glide Revival, ní ìrántí Electra Glide ti ọdún 1969. Wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe ju 1.500 lọ fún gbogbo ayé, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, wà ní Jámánì bí ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè wa ti wà níbẹ̀. Òun ló fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. N kò lè ra irú rẹ̀ láéláé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi àwòrán náà sójú fóònù mi, mo sì ń wò ó bí ẹni ń wo òkè tí kò ní gùn.

Oníṣọ́ọ̀bù náà rí ojú mi, ó sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní: «Pùròfẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà. Ọ̀kan yìí jẹ́ 150, onísìlíńdà kan ni. Àwọn méjì yìí jẹ́ 250, onísìlíńdà méjì. Mẹ́ta péré ni wọ́n kó dé. Bí ẹ bá lọ, ẹ kò ní bá a mọ́, wọn kò sì ní kó irú rẹ̀ wá mọ́.» Ó tan 150, ó dún bí gbogbo alùpùpù ìlú. Ó tan 250, ó sì dún bí ìlù tí onílù méjì ń lù pọ̀. 150 jẹ́ 750.000 fáráǹkì, 250 jẹ́ 1.150.000. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú mi, nítorí mo ṣe é níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: bí mo bá ra 150, ìyókù owó ìbá tó ra alùpùpù àlòkù kan fún àbúrò mi. Mo ṣe ìṣirò náà, mo rí ìdáhùn rẹ̀, mo sì ra 250.

Gbólóhùn tó borí mi ni èyí tí oníṣọ́ọ̀bù sọ pé wọn kò ní kó irú rẹ̀ wá mọ́. Ohun tó yẹ kí ó lé mi sẹ́yìn ni mo gbà bí ẹ̀bùn.

Mo gùn ún wọ Kambolé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá mi jáde, ó yí alùpùpù náà ká lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó bi mí pé: «Èkejì ńkọ́?» Mo sọ fún un pé owó kò tó, pé bí oṣù bá ń wọlé, èmi yóò ra ti àbúrò mi. Ó mi orí. Ó tún béèrè pé: «Àwọn mélòó ni wọ́n ní irú rẹ̀ ní Tchamba?» Mo fi ìgbéraga dáhùn pé èmi nìkan ni. Ó ní: «Ẹni tó dá wà ní ìlú, tí kò ní ẹbí, lọ́jọ́ tí ó bá ṣàìsàn, ta ni yóò fẹ̀jẹ̀ fún un?» Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán ni. Àbúrò mi kí mi kú oríire, ó fi omi wẹ erùpẹ̀ kúrò lára alùpùpù náà, ó sì fi aṣọ nù ún gbẹ.

Fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, mo jayé. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ máa ń dá dídún rẹ̀ mọ̀ kí n tó yọ. Lójú ọ̀nà Sokodé, àwọn ọlọ́jà a máa dìde wò mí. N kò ní pa irọ́, ó dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, láàárín Tchamba àti Kambolé, ìlù onílù méjì náà di ti onílù kan. Alùpùpù náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó sì kú. Mo yọ bújì, mo nù ún, mo dá a padà. Kò jí. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Ó yá alùpùpù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú okùn wá, ó sì fà mí láti ibẹ̀ padà sí Tchamba, lọ́dọ̀ mẹkaníìkì, nínú eruku. Nígbà tí a dé, ó jókòó sórí òkúta, ó ń gbọn yanrìn kúrò nínú etí rẹ̀. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú o. Ṣé èló ni ẹ̀yà ara rẹ̀ yóò jẹ́?» Mo ní n kò mọ̀. Ó ní: «Ọlọ́run yóò ṣe é.» Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹkaníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà. Ọ̀nà òróró ti dí, ọ̀pá tó ń ṣí súpáàpù sì ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá náà yí irin náà sọ́tùn-ún sósì lójú oòrùn. Ó ní ó jọ irú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì tí Honda fi sára alùpùpù custom kékeré rẹ̀ tí wọ́n pè ní Rebel, èyí tó jáde ní 1985. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní Rebel níhìn-ín? Ó wá nawọ́ sí òkìtì irin kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ní: «Pùròfẹ̀, ẹ wo ibẹ̀ yẹn. Òkú alùpùpù ni, wọ́n lé ní ogún. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára 125, bí n kò bá rí i rà lọ́jà, mo lè wá a níbẹ̀. Tiyín kò ní òkú kankan nílẹ̀ yìí.»

Ọjọ́ náà ni òwe àkísà yé mi. Àkísà àgbà kì í ṣe ohun ìtìjú. Òun ni àgbà fi ń lẹ aṣọ rẹ̀ tó ya. Àwọn mẹkaníìkì ìgbà Mate 50 gbọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkísà ni wọ́n ní: Mate tó ti kú fún Mate tó wà láàyè. Alùpùpù tèmi jẹ́ aṣọ tuntun tí kò ní àkísà kan ṣoṣo láti ibí dé Lomé.

Mo wá ọ̀pá náà ní Sokodé, mo wá a ní Kara. Ẹni tó ń lọ sí Lomé gbé èyí tó jẹ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Mo ránṣẹ́ sí Djougou ní Benin. Oníṣọ́ọ̀bù tó ta á fún mi sọ fún mi pé àwọn tó kó o wá kò kó o wá mọ́, mo sì rántí pé ó ti sọ fún mi bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹkaníìkì gbìyànjú láti fi iná jó irin kún ibi tó jẹ. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì tún bàjẹ́. Oṣù méje ni alùpùpù náà fi dúró lábẹ́ páànù, tí adìyẹ ń sùn lórí àga rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí àbúrò mi fi okùn fà mí, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ará agbègbè wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa ló ń lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń kọ ebè, tí wọ́n ń ro oko olóko fún odindi ọdún kan, tí ohun tí wọ́n fi san owó iṣẹ́ wọn sì jẹ́ alùpùpù kan ṣoṣo. Àwọn kan ń padà wá, wọ́n ń gun un wọ̀lú. Àwọn kan kò rí nǹkan kan gbà. Àbúrò mi kò bá mi jà kí ó tó lọ. Ó wá kí mi ní Tchamba, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́jú ìyàwó àti ọmọ.» Ó lọ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ra ohun tí Bàbá ti fi kaṣú rà fún un.

Ní àsìkò yẹn ni mo tún bá ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì sọ̀rọ̀. Mo bi í pé: «Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ra èyí tí kò ju 1.500 lọ láyé, báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́?» Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti ṣi àwòrán náà túmọ̀. Electra Glide Revival kéré níye lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kéré níye. Milwaukee-Eight 114 ni. Sìlíńdà méjì ló ní, tó ya bí ẹ̀ka igi. Súpáàpù mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́jọ, èyí ló sì fa orúkọ náà. Ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 1.868 cc. Láti 2016 ni Harley ti gbé ìran ẹ́ńjìnnì yìí jáde, wọ́n sì ti fi sára ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù wọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n tún ṣe 1.500 mìíràn ní 2022, èyí tí wọ́n pè ní Low Rider El Diablo, Milwaukee-Eight 117 tó jẹ́ 1.923 cc ni wọ́n fi sí i, òun náà kì í sì í ṣe àdánìkanwà. Ọ̀dà ni wọ́n dín kù, àti àga, àti ìbòrí iwájú. Aṣọ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ọkàn rẹ̀ ní ẹbí rẹpẹtẹ.

Ìdáhùn mìíràn sì wà nítòsí ju Jámánì lọ. Oníṣòwò kan ní Sokodé ló ra 150 tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Alùpùpù rẹ̀ jọ tèmi bí ìbejì: àga kan náà, àgbá kan náà, irin dídán kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ jẹ́ ti ìran CG. Títí di òní ló ń gùn ún. Nígbà tí súpáàpù rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀yà tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló rà, kò sì pé ọjọ́ méjì tí ó fi padà sójú pópó. A jọ fẹ́ ẹwà, òun náà kò sì ṣẹ̀. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé òun béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi sì tẹ́tí sí dídún rẹ̀.

N kò kọ èyí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má ra alùpùpù tó wù ú. Ìgbésí ayé olùkọ́ kò kún fún adùn tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi lé èyí tó kù sígbó. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó sanwó, kí ó wá orúkọ ìran ẹ́ńjìnnì náà. Kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara, kí ó béèrè písítìnì rẹ̀, ọ̀pá súpáàpù rẹ̀, àti àpótí iná tó ń pàṣẹ fún bújì, kí ó tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta odindi rẹ̀. Kí ó bi mẹkaníìkì rẹ̀ bóyá òkú rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Ìbéèrè yìí kan náà ni mo máa ń bi àwọn tó ń yin alùpùpù oníná, irú èyí tí M Auto, tó wá di Spiro, gbé dé Tógò àti Benin ní 2022, tí wọ́n ń fi bátìrì tó ti tán gba èyí tó kún. Ohun tó dára ni lójú mi, kò sì ní èéfín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń gbé Kambolé tó rà á, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí yóò ti pààrọ̀ bátìrì.

Mo ti ta 250 náà. Mẹkaníìkì kan ní Sokodé rà á ní 280.000 fáráǹkì, ó ní òun yóò fi ẹ́ńjìnnì 200 ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa. Mo fi owó oṣù kún un díẹ̀díẹ̀, mo sì ra 125 àlòkù kan, irú èyí tí gbogbo ayé ń gùn. N kò gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́. Zémidjan ni mò ń gùn. Mo gbé 125 náà lọ sí Kambolé, mo fi lé Bàbá lọ́wọ́, mo sì sọ fún un pé ti àbúrò mi ni. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi sí àpò agbádá rẹ̀. Kò wí nǹkan kan nípa ọjọ́ tó ti kọjá.

Àbúrò mi sọ lórí fóònù pé òun yóò padà lẹ́yìn ìkórè. Ìkórè méjì ti kọjá báyìí. Ó ní oko náà dára, ó ní ọ̀gá òun kò burú, ó ní díẹ̀ ló kù. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé alùpùpù rẹ̀ wà nílé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní: «Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.»

Bàbá mi kò lè gun alùpùpù mọ́, orúnkún rẹ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó máa ń ṣí aṣọ tí a fi bò ó, ó máa ń tan án, ó sì máa ń jẹ́ kí ó dún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí bátìrì má baà kú. Bí mo bá sùn sí Kambolé, dídún rẹ̀ ló máa ń jí mi. Ó ń dún bí gbogbo alùpùpù ìlú. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo jáde, mo bá a tí ó gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní ọmọ òun wà lórí fóònù, pé ó ń gbọ́ ọ.